Pàṣán Ìyálé: Ọ̀gágun Ọládípọ̀ Díyà Lábẹ́ Ìjọba Sani Abacha

Àwọn àgbà a máa sọ pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ ní àjà fún ìyàwó. Òwe inú ilé ni. Ìyàwó tí ọkọ ń kẹ́, tí ó wá ń fi ìyà ìyálé ṣe ẹ̀rín rín, ni a máa ń pa á fún. Bí a bá wo ìtàn ìjọba ológun ní ilẹ̀ Nàìjíríà, a ó rí i pé òwe náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé, ó ti di ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹni tí ó sì ṣẹ sí lára ní gbangba ni Ọ̀gágun Donaldson Ọládípọ̀ Oyèyínká Díyà, ẹni tí ó jẹ́ igbákejì Ọ̀gágun Sani Abacha láti oṣù Kọkànlá ọdún 1993 títí di oṣù Kejìlá ọdún 1997.

Ní ọdún mẹ́rin tí Díyà fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ apàṣẹwàá náà, àwọn ènìyàn kan láti Akúrẹ́ àti Oǹdó ń jókòó sí ibòmíràn, ìyẹn inú àtìmọ́lé. Nígbà tí ọdún 1997 fi ń parí, Díyà pẹ̀lú ti bá ara rẹ̀ nínú àhámọ́. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ ìgbésí ayé ọ̀gágun yìí kò gbọdọ̀ wò ó láti Àbújá nìkan. Ó yẹ kí ó wò ó láti Akúrẹ́ àti láti Oǹdó pẹ̀lú.

Ọmọ Odògbólú

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1944 ni a bí Díyà ní Odògbólú, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà ti ìlú rẹ̀, ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Kàdúná. Ó jagun nínú ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967 tí ó sì parí ní ọdún 1970. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gágun ìran rẹ̀ ṣe ti ojú ogun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ológun tí ó fẹ́ràn ìwé ni. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Jájì, ó kọ́ nípa ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ó sì di agbẹjọ́rò. Kí a rántí pé agbẹjọ́rò ni, nítorí pé ọ̀ràn òfin ni ó gbẹ̀yìn ìtàn rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní òpin ọdún 1983, Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fi Díyà ṣe gómínà ológun fún ìpínlẹ̀ Ògùn, ní oṣù Kìíní ọdún 1984. Ó wà níbẹ̀ títí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi gba ìjọba lọ́wọ́ Buhari ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985. Ìyípadà yẹn kò dá a dúró. Wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka kan nínú ọmọ ogun orí ilẹ̀, èyí tí ibùdó rẹ̀ wà ní Enugu. Lẹ́yìn náà ó di olórí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀gágun ní ọgbọ́n ogun. Ní ọdún 1993, ó di olórí gbogbo àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà. Ìjọba ń kú, ìjọba ń dìde, ọmọ Odògbólú ń gòkè.

Ìbò ọdún 1993 àti ìjọba tuntun

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, àwọn ará Nàìjíríà dìbò yan ààrẹ. Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ni ó ń ṣíwájú nínú èsì tí ó jáde. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ìbò tí ó bọ́ sí ọwọ́ Abíọ́lá ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù náà, Babangida fagi lé ìbò ọ̀hún. Ní oṣù Kẹjọ, ó kúrò lórí àga, ó sì gbé ìjọba fìdíhẹ lé Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Èkó dájọ́ pé ìjọba fìdíhẹ náà kò bófin mu. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 17, Abacha gba ìjọba.

Kì í ṣe ìjọba Ṣónẹ́kàn nìkan ni ó wó lọ́jọ́ náà. Abacha tú àwọn ilé aṣòfin ká, ó sì yọ gbogbo gómínà tí aráàlú dìbò yàn. Ní Alágbàká, ní Akúrẹ́, Gómínà Bámidélé Olúmilúà kó kúrò ní ilé ìjọba, ológun sì wọlé. Díyà ni Abacha fi ṣe igbákejì rẹ̀.

Lákòókò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá rò pé àwọn ológun yóò gbé ìjọba lé ẹni tí ó wọlé ìbò lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n ti ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú tẹ́lẹ̀ gba ipò mínísítà. Ọ̀kan nínú wọn ni Dókítà Olú Onàgorúwà, agbẹjọ́rò, ọmọ Odògbólú kan náà pẹ̀lú Díyà. Ìrètí náà kò pẹ́ tí ó fi ṣá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Épètédò, ní Èkó. Kí oṣù náà tó parí, ó ti wà ní àtìmọ́lé. Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án, Onàgorúwà sọ fún gbogbo ayé pé òun kò mọ̀ nípa àwọn òfin líle tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Wọ́n yọ ọ́ nípò. Àwọn ọmọ Odògbólú méjì ló wà nínú ìjọba kan, ọ̀kan sọ̀rọ̀, ó jáde, èkejì dúró.

Agbára tí igbákejì ní, àti èyí tí kò ní

Láti lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Díyà, ó yẹ kí a yẹ ipò rẹ̀ wò fínnífínní. Igbákejì ni ó ń bójú tó iṣẹ́ ìjọba lójoojúmọ́. Àwọn ológun tí ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jíhìn fún un. Àwọn tí wọ́n mọ Akúrẹ́ dáadáa wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé Bọ̀dé George, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi, tí ó ṣe gómínà ológun ní Akúrẹ́ láti ọdún 1988 sí 1990, bá Díyà ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ àgbà ní ọ́fíìsì náà.

Agbára kan tún wà tí ó wúwo ju èyí lọ. Ní ọdún 1984, ìjọba Buhari ṣe Òfin Kejì, tí ó fi àyè gba ìjọba láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́, bí wọ́n bá ti lè sọ pé ó jẹ́ ewu fún ààbò ìlú. Ìjọba Abacha ṣe àtúnṣe sí òfin yìí ní ọdún 1994. Òfin Kọkànlá ti ọdún náà fún igbákejì olórí ìjọba ní agbára láti fi ọwọ́ sí ìwé àtìmọ́lé tí ó lè tó oṣù mẹ́ta. Òfin Kẹrìnlá sì dí ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ láti pàṣẹ pé kí a gbé ẹni tí a tì mọ́lé wá síwájú adájọ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé òfin fi kálámù àtìmọ́lé lélẹ̀ lórí tábìlì igbákejì, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ adájọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan kò sí lọ́wọ́ igbákejì, ohun náà ni ìbọn. Kò ní ọmọ ogun kankan tí ó ń pàṣẹ fún tààrà. Olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀, Ọ̀gágun Ishaya Bamaiyi, ni ó ni ti orí ilẹ̀. Àwọn ọmọ ogun àkànṣe tí ń ṣọ́ ilé ìjọba sì ń gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ olórí ìjọba, nípasẹ̀ Méjọ̀ Hamza Al-Mustapha, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ Abacha. Bí a bá ka ipò nínú iṣẹ́ ológun, Méjọ̀ kéré jọjọ sí ọ̀gágun àgbà. Ṣùgbọ́n ní ààfin apàṣẹwàá, ẹni tí ó súnmọ́ ilẹ̀kùn yàrá ọba a máa lágbára ju ẹni tí oyè rẹ̀ gùn lọ. Báyìí ni Díyà ṣe wà: ó lágbára lórí aráàlú, kò lágbára lórí ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ìyálé tí pàṣán kọ́kọ́ bà

Ní àkókò kan náà, pàṣán ti ń ṣiṣẹ́ ní apá Akúrẹ́ àti Oǹdó. Olóyè Adékúnlé Ajáṣin ti Ọ̀wọ̀, olùkọ́ àgbà tí ó ti ṣe gómínà ní Akúrẹ́ láti ọdún 1979 sí 1983, ni ó ṣe olórí ẹgbẹ́ NADECO tí a dá sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994 láti béèrè pé kí àwọn ológun lọ. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni nígbà náà. Ó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997. Kò rí òpin ìjọba tí ó ń bá jà.

Olóyè Olú Fálaè, ọmọ Ìlú Àbọ̀ ní Akúrẹ́, kì í ṣe àjèjì sí àwọn ológun. Òun ni akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Babangida láti ọdún 1986, ó sì ti ṣe mínísítà fún ètò ìnáwó. Ó mọ inú ilé, ó mọ ìta. Síbẹ̀, nígbà tí ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń béèrè fún ìjọba alágbádá, wọ́n mú un ní oṣù Kìíní ọdún 1997, wọ́n sì tì í mọ́lé títí Abacha fi kú.

Ní ìlú Oǹdó, ẹni méjì ni a ó mú ṣe àpẹẹrẹ. Dókítà Frederick Fáṣehun, oníṣègùn, wọ àtìmọ́lé ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, ó sì lo ọdún kan àbọ̀ níbẹ̀. Olóyè Gàní Fawẹ̀hìnmi, agbẹjọ́rò, ti mọ ọ̀nà ẹ̀wọ̀n tipẹ́ láti ìgbà àwọn ìjọba tí ó ṣáájú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1996, àwọn agbófinró wá sí ilé rẹ̀ ní Èkó láìmú ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́, wọ́n sì mú un lọ. Láti Èkó, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Bauchi, ibi tí ẹbí àti ará Oǹdó kò ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Ohun tí Gàní ṣe ni ó ya ọ̀ràn rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́. Ó ní bí àwọn ológun tilẹ̀ ti fi òfin dí ẹnu adájọ́, Nàìjíríà ti fi ọwọ́ sí Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ó sì ti sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wa ní ọdún 1983. Ẹjọ́ náà rìn títí dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, tí ó dá a ní oṣù Kẹrin ọdún 2000. Àwọn adájọ́ sọ pé Àdéhùn náà jẹ́ ara òfin Nàìjíríà, pé ó sì lágbára ju òfin lásán lọ, bí kò tilẹ̀ ga ju ìwé òfin ìpilẹ̀. Títí di òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin ń ka ẹjọ́ náà, orúkọ tí ó sì ń jẹ́ ni Abacha àti Fawẹ̀hìnmi.

Pàṣán yí padà

Ní ọdún 1995, ìjọba Abacha fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti Ọ̀gágun Shehu Yar'Adua pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ológun ni ó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Òfin tí ó dá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ti wà láti ọdún 1986. Lábẹ́ òfin náà, ológun ni adájọ́, kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ilé ẹjọ́ kankan, ọ̀dọ̀ àwọn ológun tí ń ṣèjọba ni ìdájọ́ ń lọ fún ìfọwọ́sí. Díyà ni igbákejì alága ìgbìmọ̀ tí ń ṣèjọba náà. Wọ́n rán Ọbásanjọ́ àti Yar'Adua lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìgbìmọ̀ yìí kan náà fọwọ́ sí ikú Ken Saro-Wiwa àti àwọn Ogoni mẹ́jọ mìíràn, wọ́n sì yẹgi fún wọn.

Yar'Adua kú sínú ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1997. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Díyà ń lọ sí Mákúdì fún ìsìnkú ìyá ọ̀gágun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Bọ́ǹbù bú gbàmù ní pápákọ̀ òfurufú Àbújá. Díyà yè é. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ní ọjọ́ 21, wọ́n wá mú un. Ìjọba kéde pé ó ń dìtẹ̀ láti gba ìjọba, òun pẹ̀lú Ọ̀gágun Tajudeen Ọlánrewájú, Ọ̀gágun Abdulkareem Adìsá àti àwọn mìíràn. Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní ààfin Abacha, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun mọ ẹni tí ń dìtẹ̀ sí ẹni.

Ìjọba ṣe fídíò àwọn ọ̀gágun náà níbi tí wọ́n ti ń jẹ́wọ́, tí wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ fún àánú, wọ́n sì pe àwọn ọba àti àwọn aṣáájú ìlú wá wò ó. Ìdójútì gidi ni èyí jẹ́ ní ojú Yorùbá, tí wọ́n máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1998, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ológun jókòó ní Jos, Ọ̀gágun Victor Malu sì ni alága rẹ̀. Òfin tí wọ́n lò fún Ọbásanjọ́ ni wọ́n lò fún Díyà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, níwájú àwọn oníròyìn, Díyà dìde, ó sì sọ pé wọ́n dẹ pàkúté fún òun ni, àti pé láti òkè ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún Díyà, Adìsá àti Ọlánrewájú pẹ̀lú àwọn kan. Agbẹjọ́rò ni Díyà, ó mọ ohun tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn jẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba tirẹ̀ ti sé ọ̀nà ibẹ̀ pa kí òun fúnra rẹ̀ tó nílò rẹ̀.

Òpin ọ̀rọ̀

Wọn kò pa Díyà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1998, Abacha kú lójijì. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar gba ipò rẹ̀. Láàárín oṣù náà, ó tú Fálaè, Fáṣehun, Ọbásanjọ́ àti àwọn mìíràn sílẹ̀. Abíọ́lá kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, ó kú sínú àhámọ́. Ní oṣù yìí kan náà, Abubakar yí ìdájọ́ ikú Díyà padà sí ẹ̀wọ̀n, ó sì tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1999, nígbà tí ìjọba ológun kù díẹ̀ kí ó kógbá wọlé.

Láàárín ọdún náà, Ọbásanjọ́ láti Abẹ́òkúta àti Fálaè láti Akúrẹ́ ni wọ́n jùmọ̀ díje fún ipò ààrẹ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ti inú àtìmọ́lé Abacha jáde. Ọbásanjọ́ wọlé, Fálaè padà wá di ọba Ìlú Àbọ̀. Fáṣehun wà láyé títí di oṣù Kejìlá ọdún 2018. Gàní kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, wọ́n sì sin ín sí Oǹdó, láàárín ogunlọ́gọ̀ àwọn tí wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn. Díyà fúnra rẹ̀ padà sí ìgbé ayé ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Títí dé òpin, Díyà kò yí ohùn padà pé pàkúté ni wọ́n dẹ fún òun. Àwọn ẹlòmíràn nínú ìjọba náà sọ ohun tí ó yàtọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Chukwudifu Oputa ṣe alága rẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá dé. Àríyànjiyàn yìí lè máa lọ láàárín àwọn òpìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn náà kò dúró de òpin àríyànjiyàn. Bí Díyà bá dìtẹ̀, ó yẹ kí ilé ẹjọ́ tòótọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí kò bá dìtẹ̀, ilé ẹjọ́ tòótọ́ nìkan ni ì bá gbà á. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ohun tí ó ṣe aláìní ni ohun tí Gàní ń béèrè fún láti inú ẹ̀wọ̀n Bauchi.

Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Akúrẹ́ tàbí ní Oǹdó lè bi wọ́n léèrè ẹni tí ó jà fún Díyà jù lọ láàárín àwọn ọdún yẹn. Bí àwọn ọmọ náà bá ronú jinlẹ̀, wọn kò ní dárúkọ àwọn ọ̀gágun tí wọ́n jọ ń jẹun. Wọn yóò dárúkọ agbẹjọ́rò Oǹdó tí ìjọba Díyà tì mọ́lé, nítorí pé ẹ̀tọ́ tí ó ń jà fún kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, títí kan ẹni tí ó jókòó sí ìdí kálámù àtìmọ́lé. Ẹni tí ó bá rí pàṣán ní àjà, kí ó má ṣe béèrè ẹ̀yìn ta ni wọ́n fẹ́ fi nà lónìí. Kí ó bá wọn yọ ọ́ kúrò ní àjà.